Ahéré Tí Kò Ní Iná

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ooru ààrò, ẹ kú ìnira àwọn oníbàárà. Mo mọ̀ pé ìyẹ̀fun á wà lọ́wọ́ yín tí lẹ́tà yìí bá dé, nítorí náà, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ná. Èyí tí mo kọ lọ́dún tó kọjá, ẹ ní ìyẹ̀fun lẹ ojú ìwé kejì mọ́ ẹ̀kẹta, àti pé títí dòní ẹ kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí.

Ẹ ní ẹ kò fẹ́ fóònù, pé "dáadáa ni" nìkan ni mo máa ń sọ lórí rẹ̀, àfi tí mo bá kọ̀wé kí ẹ tó gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi. Ó dáa, òótọ́ nìyí: mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin náà ti gba ìsinmi, ẹ kò tíì gbọ́ ni. Ìwé ìrìnnà yín ti jáde, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú. Tó bá di oṣù keje, ẹ ó fi ilé búrẹ́dì sílẹ̀ fún àbúrò mi, ẹ ó wá bá mi ṣe ìsinmi. Mo ti rò ó títí, Màmá, n kò rántí ọjọ́ kan tí mo rí yín lórí ìjókòó tí ẹ kò di nǹkan kan mú lọ́wọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù. Ẹ rántí ọ̀gá wa ní gáréèjì bọ́ọ̀sì, ọkùnrin tó lè bá èèyàn ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má sọ ju "hẹn" lọ? Òun ló pè mí sẹ́yìn bọ́ọ̀sì mi lọ́jọ́sí, tó fi kọ́kọ́rọ́ kan lé mi lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ ahéré ẹbí wọn ni. Bàbá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ó ní kí n mú ìyá mi lọ síbẹ̀. Ẹnu ya gbogbo àwa awakọ̀. Àwọn kan ti bá a ṣiṣẹ́ kí irun wọn tó funfun, wọn kò fojú kan kọ́kọ́rọ́ yẹn rí.

Màmá, ibẹ̀ dára! Àárín igbó ni, létí adágún omi. Kò sí iná mànàmáná. Kò sí omi ẹ̀rọ, garawa la ó fi máa pọnmi. Igi la ó fi máa dáná. Ṣáláńgá wà lẹ́yìn ilé, ẹ ó kàn rìn díẹ̀ láàárín àwọn igi kí ẹ tó kàn án. Kò sí aládùúgbò kankan. Tí mo bá ti ń rò ó báyìí, ṣe ni ara mi ń yá gágá.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ẹ bá mi kí àbúrò yín náà, Bọ̀ọ̀dá Kápẹ́ńtà.

Ọmọ yín tó ń wa bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ọkọ mi, bàbá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ṣì wà?

Mo fọwọ́. Mo nù ún gbẹ. Mo fìdí lé orí àpò ìyẹ̀fun, mo kàwé. Nígbà tí mo dé ibi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú, mo figbe ta, àbúrò rẹ sì sáré jáde látinú ilé, ó rò pé mo jóná ni. N kò kà á tán tí mo fi bọ́ síta. Ìwọ náà mọ̀ mí. Mo lọ bá Télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo ní ọmọ mi ń mú mi lọ sinmi lókè òkun. Télọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì wo ni? Mo ní kó farabalẹ̀, ó wà lójú ìwé kejì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí i létí. "Àárín igbó ni." Télọ̀ ní hẹn-ẹn? "Kò sí iná mànàmáná." Télọ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo kan ṣáláńgá, mo ká ìwé náà, mo ní ojú ń dùn mí.

Ọkọ mi, kí ni wọ́n fi ṣe ọ́?

Ìyá rẹ ni mí. Kò sí ohun tí o lè sọ tí etí mi ò ní lè gbà. Tí wọ́n bá ti dá ọ dúró níbi iṣẹ́, sọ. Tí onílé bá ti lé ọ jáde, sọ. Tí o bá bá ẹnì kan jà tí o wá lọ fara pamọ́, èyí náà, sọ ọ́. Ọmọ tí mo bí kì í ṣe ẹni tó máa kó ara rẹ̀ lọ sínú igbó kí ara rẹ̀ sì máa yá gágá. Àbúrò mi Kápẹ́ńtà ka lẹ́tà yẹn, ó ṣí fìlà, ó tún un kà. Ó ní tí ọ̀gá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahéré ta òṣìṣẹ́ lọ́rẹ, ìyẹn ni pé ó fẹ́ lé e lọ, ojú ló ń tì í láti sọ ọ́.

Ṣé o ti gbàgbé èéfín ni? Igi ni mo fi yan búrẹ́dì tí mo fi tọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ń fi etí aṣọ nù mí lójú. O kéré nígbà yẹn, ohùn rẹ kò tíì là, o ní, "Màmá, tí mo bá dàgbà, ẹ ò ní fojú kan igi ìdáná mọ́." O sì ṣe é lóòótọ́. Ààrò gáàsì tí mò ń lò yìí, ìwọ lo rà á fún mi, mo sì ń fi ọ́ yangàn kiri àdúgbò. Ìwọ yìí kan náà lo wá ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n lè gba ojú sánmà kọjá lọ fẹ́ná igi nílẹ̀ onílẹ̀. Ṣé ìyẹn bójú mu?

Tètè kọ̀wé. Má fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi.

Ìyá rẹ.

Àbúrò rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ti gbọ́ pé òun lòun máa dúró ti ààrò, àti pé kò sẹ́ni tó bi òun léèrè.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú àníyàn mi. Mo rẹ́rìn-ín títí tí ẹni tó ń gbé lókè mi fi ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ gbìgbì pé kí n rọra.

Iṣẹ́ wà. Ilé wà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Màmá, ìsinmi àwọn ará ibí nìyẹn! Dókítà wọn, lọ́yà wọn, àwọn tí ilé wọn tóbi débi pé oṣù kan lè kọjá kí wọ́n má dé inú yàrá kan, inú ahéré ni gbogbo wọn ń sá lọ tí ìgbà ooru bá dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí inú ahéré ẹnì kan bá ní iná mànàmáná, àwọn tó kù á máa wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tó dára. Ẹni tí tirẹ̀ jìnnà jù, tó le jù, òun ló ń gbéra ga jù. Èmi náà kò gbà á gbọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé.

Ní oṣù keje yẹn, oòrùn kì í wọ̀ níbí. Ẹ ò gbọ́ mi ṣì. Ó máa ń wálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni fẹ́ wọ̀, á tún yí padà gòkè. Mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí i.

Mo fi fọ́tò kan sínú lẹ́tà yìí. Èmi àti ọ̀gá ni, lọ́jọ́ tó mú mi lọ síbẹ̀ láti lọ fi bí wọ́n ṣe ń la igi hàn mí. Ẹ wojú mi dáadáa. Ṣé ojú ẹni tí ìyà ń jẹ nìyẹn?

Ọmọ yín.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọkọ mi,

Mo ti wo fọ́tò náà. Télọ̀ ti wò ó. Kápẹ́ńtà gbé dígí ojú rẹ̀ wọ̀, ó wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú ẹni tí ìyà ń jẹ ni.

Àáké lo gbé dání. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ ti ya nígbọ̀nwọ́. Ọkùnrin àgbàlagbà tó dúró tì ọ́, tó wọ ṣòkòtò tí wọ́n lẹ̀ lórúnkún, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, mo ní ẹni báyìí náà ń bẹ nínú wàhálà yìí. Ìgbà tí mo wá ka lẹ́tà rẹ ni mo rí i pé ọ̀gá rẹ ni. Ọ̀gá! Tí ọ̀gá bá rí báyìí, ọmọ iṣẹ́ ńkọ́? Kápẹ́ńtà kàn ń sọ pé ilẹ̀kùn ahéré yẹn dára, pé ẹni tó kàn án mọṣẹ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó gbé fọ́tò fún mi.

O tún ní oòrùn kì í wọ̀. Ọkọ mi, níbi tí oòrùn kì í ti í wọ̀, ìgbà wo ni wọ́n ń ṣíwọ́ iṣẹ́?

O ní àwọn dókítà àti lọ́yà ń lọ síbẹ̀. Mo gbọ́. Wọ́n ní ilé tí wọ́n máa padà sí. Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo ti fi inú yàrá rẹ hàn mí kẹ́yìn? Tí mo bá ní kí o ya fọ́tò yàrá ìdáná rẹ ránṣẹ́, o máa ní ó dọ̀tí.

N kò wá mọ́. Dá tíkẹ́ẹ̀tì mi padà. Tí o bá fẹ́, fi ra tìrẹ, kí o máa bọ̀ nílé. Yàrá rẹ ṣì wà. Àpò ìyẹ̀fun ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré la ó fi kó o jáde. Kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti kìlọ̀ fún Télọ̀.

Mo sì ti ṣe ohun tó yẹ kí ìyá ṣe. O ó gbọ́ láìpẹ́.

Ìyá rẹ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Màmá,

Mo ti gbọ́.

Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá mi. Ẹ rí àdírẹ́sì gáréèjì lẹ́yìn àpòòwé mi, ẹ sì jókòó, ẹ̀yin àti Bọ̀ọ̀dá Kápẹ́ńtà, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá mi! Ọwọ́ ìkọ̀wé bọ̀ọ̀dá kò lè fara sin fún mi, ó ń kọ gbogbo nǹkan gbọọrọ gbọọrọ bí ẹni ń wọn pákó. Ẹ tún fi búrẹ́dì gbígbẹ páálí kan tì í lẹ́yìn.

Ọ̀gá pè mí wọ ọ́fíìsì. Ó gbé lẹ́tà náà síwájú mi, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. "Ọ̀gá wa, èmi ni ìyá awakọ̀ yín. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Tí ọmọ mi bá ṣẹ̀ yín, ẹ pè é, ẹ bá a wí, ẹ má lé e sínú igbó. Ọmọ dáadáa ni. Ó kàn máa ń pẹ́ jí láàárọ̀ ni." Màmá! Láti ọjọ́ tí mo ti dé gáréèjì yìí ni mo ti ń sáré kí ọ̀gá má baà mọ̀ pé mo máa ń pẹ́ jí láàárọ̀.

Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ẹ kúnlẹ̀. Mo ní bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ó ki búrẹ́dì gbígbẹ kan bọ inú tíì rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ahéré àwọn kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fa èèyàn lọ tìpátìkúùkù. Ó ní tó bá jẹ́ pé ìyà ló jẹ́ lójú ìyá mi, kí n má fi dandan mú un. Ó na ọwọ́, mo sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Orí tábìlì rẹ̀ ló wà báyìí. Ó ní tí oṣù kẹfà bá fi dé ìdajì tí ẹ kò sọ fúnra yín pé ẹ̀ ń bọ̀, awakọ̀ mìíràn ló máa gbà á.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, inú bí mi, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ní gbogbo ìgbà ooru, èmi ni mò ń wa bọ́ọ̀sì tó ń lọ dé ẹnu igbó. Wọ́n á kún inú rẹ̀, tọmọ tìyá, tẹrù tajá, wọ́n á máa bára wọn jiyàn ta ló gbàgbé ìṣáná. Tí a bá dé òpin, gbogbo wọn á sọ̀ kalẹ̀, ìyá á di ọmọ lọ́wọ́ mú, wọ́n á wọnú igbó lọ. Èmi á wá yí bọ́ọ̀sì òfìfo padà sí ìlú. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, kò sí ẹbí mi kan tó tíì jókòó sínú bọ́ọ̀sì mi. Mo fẹ́ bá ìyá tèmi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. N kò ṣàìsàn, n kò di aláìní. Àárò yín ló ń sọ mí.

Ọmọ yín.

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Màmá,

Mo ti ń yẹ àpótí lẹ́tà wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé ẹ̀ ń bínú ni? Tó bá jẹ́ pé mo sọ̀rọ̀ jù, ẹ má bínú. Ọ̀gá kò tíì fún ẹnì kankan ní kọ́kọ́rọ́ náà, ṣùgbọ́n awakọ̀ kan ti ń bá a ṣe àwàdà láti àná, ó sì ń bá a fọ mọ́tò.

Ẹ fèsì, ẹ jọ̀ọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ láti bú mi.

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Ọkọ mi, olówó orí mi,

Má ka ọjọ́ sí mi lọ́rùn. O ó ti máa rò pé mò ń bínú; n kò bínú. Ibi tí o ti sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì òfìfo yẹn ni n kò lè kà kọjá. Mo kà á débẹ̀, mo padà sókè, mo tún kà á débẹ̀, títí èéfín fi gba ilé kan. Gbogbo búrẹ́dì ọjọ́ yẹn ló jóná. Télọ̀ sáré wọlé pẹ̀lú garawa omi, ó dà á sí mi lára, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bèèrè ibi tí iná wà. Àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ó dáa. Ìwọ ti sọ tìrẹ, jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Kì í ṣe igbó ló ń bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe ṣáláńgá. Ta ló mọ ṣáláńgá tó mi? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò ní sí ìyẹ̀fun tí mo máa pò, kò ní sí oníbàárà tí mo máa dá lóhùn. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ kú, àwọn èèyàn ń sunkún nínú ilé, èmi dìde lọ síbi ààrò nítorí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹun. Mo ti wà lórí ìdúró láti ọjọ́ náà. Ó ń ṣe mí bíi pé ọjọ́ tí mo bá jókòó, gbogbo ohun tí mo fi sẹ́yìn máa ká mi mọ́bẹ̀. Nígbà tí mo rò pé ìyà ń jẹ ọ́, ara mi le, mo ti ń di ẹrù láti wá gbà ọ́ là. Ṣùgbọ́n kí n kàn wá bá ọ jókòó lásán, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mò ń bọ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé mo ti dìde lórí ìkúnlẹ̀, kó fún ọmọ mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Sọ fún un pé Kápẹ́ńtà kí bàbá rẹ̀ kú iṣẹ́ ilẹ̀kùn. Ìwọ náà, má pọnmi fún mi bí ẹni tí kò le rìn, mà á máa pọn tèmi. Má sì máa wò mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá mò ń gbádùn ara mi. Mo kórìíra ìyẹn.

Télọ̀ tó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́sí ti ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé dókítà àti lọ́yà nìkan ló ń lọ síbi tí mò ń lọ. Ó ti rán kóòtù kan fún mi. Mo ní ìgbà ooru ni. Ó ní òun kò bi mí.

Ìyá rẹ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà

Màmá mi àtàtà,

Lẹ́tà yín dé ní ìjẹta, lọ́jọ́ tí oṣù dé ìdajì gan-an; ó ti wà lọ́nà kí n tó kọ èyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fèsì. Mo gbé e wọ ọ́fíìsì láìkanlẹ̀kùn. Mo túmọ̀ ibi tó kan ọ̀gá fún un. Ó ní "hẹn". Ìgbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, ó ní "hẹn" mìíràn, ó wá kọjú sí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó wá bèèrè bóyá búrẹ́dì gbígbẹ ṣì kù nílé yín.

Ẹ mú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá, kí ẹ sì mú nǹkan tí ẹ lè fi bojú tí ẹ bá fẹ́ sùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má di ìyẹ̀fun sínú ẹrù. Mo mọ̀ yín.

Mà á wà ní pápá ọkọ̀ òfúrufú kí ẹ tó balẹ̀. N kò ní pẹ́ jí.

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn.

Oṣù keje. Lórí tábìlì, nínú ahéré.

Ọkọ mi,

Mo rí i bí o ṣe ń wẹ̀yìn láàárọ̀ yìí, nígbà tí ọ̀gá rẹ wá gbé ọ pé ara awakọ̀ kan kò yá àti pé ìwọ lo máa wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ lónìí. O ń wò mí bí ẹni fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀. Mo ní kí o máa lọ, mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa.

Bí ẹ ṣe lọ tán, mo gbálẹ̀. Mo fọ gbogbo abọ́, àti èyí tó mọ́. Mo to igi ìdáná, mo tú u ká, mo tún un tò. Mo pọnmi títí kò fi sí ohun tí mo lè pọn ọ́n sí mọ́. Iṣẹ́ wá tán. Mo lọ sórí pẹpẹ pákó tó wà létí omi, mo jókòó.

Ohun tí mò ń sá fún wá lóòótọ́. Mo sunkún bàbá rẹ. Mo sun ún kíkankíkan, mo pe orúkọ rẹ̀, mo tún bú u díẹ̀ nítorí pé ó lọ nígbà tí kò yẹ kó lọ. Gbogbo ìgbà yìí ni mo ti ń rò pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀, kò ní tán. Ó tán, ọkọ mi. Ó ní ibi tó ń parí sí. Nígbà tó tán, oorun ló kù, mo sì sùn lọ lójú ọ̀sán gangan, ẹsẹ̀ mi nínú omi, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà nítòsí.

Ebi ló jí mi. Mo ti jẹun, mo sì ti bo tìrẹ sílẹ̀. Mò ń padà lọ síbẹ̀ báyìí. Tí o bá dé, má pariwo, má bi mí bóyá mo gbádùn ara mi. Bọ́ bàtà rẹ, kí o wá jókòó tì mí.